Yunifásítì òkè òkun fẹ́ bá wa ṣe ìwádìí lórí àìjẹunrekánú ọmọdé: kí la ó béèrè kí a tó fọwọ́ síwèé?

Àdùkẹ́_Òṣogbo

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo ẹni tó ń tọ́jú ọmọ ní Òṣogbo, ìbáà jẹ́ ní ilé ìwòsàn ńlá tàbí ní ilé ìlera alábọ́dé. Àwọn yunifásítì òkè òkun máa ń wá ibi tí wọ́n ti lè dán oúnjẹ tàbí oògùn wò fún ọmọ tí àìjẹunrekánú tó le koko ń bá jà. Wọ́n á fi ìwé àbá ránṣẹ́, gbogbo rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á sì ní kí ọ̀gá ilé ìwòsàn tètè fọwọ́ sí i.

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ yìí dáwa lóhùn: kí ni irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ti fi hàn tó wúlò fún wa? Kí ló gbọ́dọ̀ wà nínú àdéhùn? Kí ló máa ń bàjẹ́ tí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀? Ẹ má jẹ́ ká lo àkókò láti bú òyìnbó, ẹ má sì jẹ́ ká máa kan sáárá sí wọn. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni ká sọ.

Oníṣègùn_Ọmọdé

Ẹ kú ìbéèrè, ma. Irú àjọṣe yìí kì í ṣe àjèjì lágbègbè wa rárá. Ní Wesley Guild Hospital, Iléṣà, ni David Morley, dókítà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ti ṣiṣẹ́ láàárín 1956 sí 1961. Òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló tọpa àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn, tí wọ́n ń wọ̀n wọ́n bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Káàdì tí a ń fi àmì ìdàgbàsókè ọmọ sí, èyí tí ayé mọ̀ sí Road to Health, inú iṣẹ́ yẹn ló ti jáde. Ìyá ọmọ ló ń mú káàdì yẹn lọ sílé, wọn kì í tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn, ohun tó sì jẹ́ kó tàn káyé nìyẹn. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni: nígbà tí owó ìwádìí bá tán, kí ni yóò kù lọ́wọ́ ìyá àti lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì?

Èkejì, ẹ wo irú ọmọ tí wọ́n fẹ́ gbà wọlé. Láti oṣù 6 títí dé oṣù 59, ọ̀nà mẹ́ta la fi ń mọ àìjẹunrekánú tó le: apá tí yíyípo rẹ̀ kò tó 115 mílímítà, ìwọ̀n ara sí gíga tó wà nísàlẹ̀ -3 lórí àtẹ ìdàgbàsókè WHO (z-score), tàbí ẹsẹ̀ méjèèjì tó wú. Ọ̀kan péré nínú mẹ́ta ti tó. Tí ìwé àbá bá mú téèpù apá nìkan, ẹ bi wọ́n ìdí rẹ̀, torí ọmọ tí téèpù bá mú àti ọmọ tí òṣùwọ̀n bá mú kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ọmọ kan náà.

Nọ́ọ̀sì_Ìsàlẹ̀Ọ̀ṣun

Ẹ ṣé, Dókítà. Èmi á dúró lórí wíwọ̀n, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura.

Apá òsì là ń wọ̀n. Ẹ ká a kò, ẹ fi ọwọ́ wá ṣóńṣó egungun èjìká àti ṣóńṣó ìgúnpá, kí ẹ fi bírò sàmì sí agbedeméjì wọn. Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kí apá náà rọ̀ wálẹ̀ pátápátá kí ẹ tó fi téèpù yí i ká. Tí awọ bá ká jọ lábẹ́ téèpù, ẹ ti fà á jù. Tí ẹ bá rí àlàfo, ó ti dẹ̀ jù. Ẹni tó bá fojú díwọ̀n agbedeméjì, tí kò sàmì, á rí nọ́ńbà ọ̀tọ̀ láàárọ̀, á rí òmíràn lọ́sàn-án. Lórí téèpù, pupa ni ohun tí kò tó 115, yẹ́lò ni 115 sí ohun tí kò tó 125, àwọ̀ ewé ni 125 sókè. Mílímítà méjì péré lè gbé ọmọ kúrò nínú ẹgbẹ́ kan bọ́ sí òmíràn.

Ti gíga: ọmọ tí kò tó 87 sẹ̀ǹtímítà, ìdùbúlẹ̀ la ti ń wọ̀n ọ́n, èèyàn méjì ni yóò sì ṣe é. Ẹnì kan á di orí mú kó kan pákó, ẹnì kejì á tẹ orúnkún kí ẹsẹ̀ nà tán, á wá fi pákó kejì kan àtẹ́lẹsẹ̀. Tí wọ́n bá di ṣùkú fún ọmọbìnrin, irun yẹn á fi kún gíga rẹ̀, á sì jẹ́ kó dà bíi pé ó rù ju bó ṣe rù gan-an lọ. Ẹ bẹ ìyá rẹ̀ kó tú ti àárín orí. Ti ìwọ̀n ara, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀ tán, kí ẹ rí i pé síkéèlì wà lórí òdo. Láàárọ̀ gbogbo, ẹ gbé ohun tí ẹ mọ ìwọ̀n rẹ̀ lé e, kí ẹ kọ iye tó bá fi hàn sínú ìwé.

Nínú àdéhùn, ẹ béèrè fún ìdánwò ọwọ́ àwọn tí yóò máa wọ̀n ọmọ kí wọ́n tó gba ọmọ kankan wọlé. Ọmọ 10 ni wọ́n ń lò. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á wọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lẹ́ẹ̀méjì láìwo ti àkọ́kọ́, wọ́n á wá fi wé ti olùkọ́. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ń yẹ̀, ẹ tún un kọ́. Ẹ jẹ́ kí owó èyí hàn nínú ìṣirò owó, kì í ṣe ká ní a ó rí i ṣe.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìlera

Ẹ jọ̀ọ́ ma, ọmọ tí apá rẹ̀ jẹ́ 130, tí téèpù bọ́ sí àwọ̀ ewé, àmọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú ńkọ́? Ẹlòmíì á ní kó máa lọ sílé.

Nọ́ọ̀sì_Ìsàlẹ̀Ọ̀ṣun

Kò gbọdọ̀ lọ sílé o, ọmọ mi. Omi tó wà lára ló mú kí apá tóbi. Fi àtàǹpàkò rẹ méjèèjì tẹ orí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ka ìṣẹ́jú àáyá 3, kí o sì yọ ọwọ́. Tí ojú ibẹ̀ bá jìn wọlé ní ẹsẹ̀ méjèèjì, àìjẹunrekánú tó le ni, ohun yòówù kí téèpù sọ. Ẹsẹ̀ nìkan, àmì + kan. Tó bá ti dé ojúgun tàbí ọwọ́, ++. Tó bá dé ojú, +++, ó sì gbọ́dọ̀ wọ ilé ìwòsàn lónìí. Ẹsẹ̀ kan péré tó wú, wá ìdí mìíràn: egbò, oówo, tàbí egungun tó ṣẹ́.

OníDátà_Àyètòrò

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn apá kan nínú ìbéèrè Ìyáàfin Àdùkẹ́: kí nìdí tí wọ́n fi nílò orílẹ̀-èdè púpọ̀? Ìṣirò ni. Ká ní ọmọ 7 nínú 100 ló ń kú, tí a sì fẹ́ mọ̀ bóyá ìtọ́jú tuntun lè sọ ọ́ di 5. Ká tó ní ìrètí 80 nínú 100 pé a ó rí ìyàtọ̀ yẹn tó bá wà lóòótọ́, a nílò ọmọ bíi 2,200 ní apá kọ̀ọ̀kan, ìyẹn tó 4,400 lápapọ̀. Ìwádìí ìlera àti iye ènìyàn tí Nàìjíríà ṣe ní 2018 fi hàn pé ọmọ bíi 7 nínú 100 ló rù ju bó ṣe yẹ lọ jákèjádò orílẹ̀-èdè, ti ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù sì kéré sí ti òkè ọya. Ilé ìwòsàn kan ṣoṣo ní Òṣogbo kò lè rí 4,400 láéláé.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra. Bí a bá kó ibi púpọ̀ pọ̀, èsì lè má bá ara wọn mu. Ẹ wo ọ̀rọ̀ amoxicillin, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn. Ní Malawi, iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2013 lórí ọmọ 2,767 fi hàn pé 7.4 nínú 100 ló kú nínú àwọn tó gba oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú, 4.8 nínú àwọn tó gba amoxicillin, 4.1 nínú àwọn tó gba cefdinir, oògùn apakòkòrò mìíràn. Ní Niger, iṣẹ́ tó jáde ní 2016 lórí ọmọ tó lé ní 2,400 kò rí ìyàtọ̀ gidi nínú iye tó gbádùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé amoxicillin dín iye àwọn tí wọ́n ní láti gbé lọ síbùsùn ilé ìwòsàn kù.

Oògùn kan náà ni o. Ní Malawi, ọ̀pọ̀ jù lọ ọmọ náà ni ara wọn wú, kòkòrò HIV sì wọ́pọ̀ níbẹ̀. Ní Niger, wọn ò gba ọmọ tí ara rẹ̀ wú wọlé, àwọn tó rù nìkan ni. Kí ẹ tó gba èsì ẹnikẹ́ni wọlé sí Òṣogbo, ẹ ṣí rẹ́jísítà wọ́ọ̀dù ọmọdé, kí ẹ ka iye tó wú àti iye tó rù. Kò ná yín ní kọ́bọ̀, òun ni yóò sì sọ fún yín bóyá ìwádìí wọn bá ọmọ yín mu.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìlera

Ṣé ká máa fún wọn ni àbí ká má fún wọn?

Oníṣègùn_Ọmọdé

Ẹ máa fún wọn. Ìlànà WHO ti 2013 ní kí ọmọ tó ń gba ìtọ́jú láti ilé fún àìjẹunrekánú tó le gba amoxicillin. Ọmọ tó rù gan-an lè má gbóná kódà tí àrùn bá wà lára rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń pa ọmọ ní wọ́ọ̀dù kì í sábà jẹ́ àìsí oògùn tuntun. Ẹ jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, torí ìwádìí tó bá gbé oúnjẹ tuntun wá sí wọ́ọ̀dù tí ìtọ́jú rẹ̀ kò gún, àṣìṣe wọ́ọ̀dù ló máa wọ̀n.

Ọmọ 6 kílò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, F-75, mílíìkì ìtọ́jú tó fúyẹ́, ló ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú: 130 mílílítà fún kílò kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, ìyẹn 780. Tí a bá ń fún un ní wákàtí méjì-méjì, ẹ̀ẹ̀mejìlá ni, 65 lẹ́ẹ̀kan. Tí ara rẹ̀ bá wú dé ojú, 100 fún kílò kan ni, ìyẹn 600 lójúmọ́, 50 lẹ́ẹ̀kan. Kálórì 75 péré ló wà nínú 100 mílílítà rẹ̀, purotéènì rẹ̀ kéré, kò sì ní áyọ́ọ̀nù (iron). Ọkàn, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ọmọ náà ò tíì lè gbé oúnjẹ ńlá. Bí a bá sáré rọ oúnjẹ fún un, pòtásíọ́ọ̀mù àti fọ́sífétì á kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ara, ọkàn á sì dẹ́kun láìròtẹ́lẹ̀. Ẹbí á ní ọmọ tó ti ń jẹun dáadáa ló kú lójijì.

Tí kò bá sí F-75 inú agolo, a lè sè é: mílíìkì oníyẹ̀fun tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀ 25 gíráàmù, ṣúgà 70, ìyẹ̀fun ọkà 35, òróró 27, àpòpọ̀ míníráàlì 20 mílílítà, kí a fi omi sísè sọ ọ́ di lítà kan. Ẹ wọ̀n ọ́n lórí síkéèlì, ẹ má lo ṣíbí tí ẹnikẹ́ni bá rí.

Òru ni ikú ti ń wá. Nọ́ọ̀sì kan ló máa ń wà lórí iṣẹ́, ó ń sáré lọ sọ́dọ̀ ọmọ mìíràn, oúnjẹ aago méjì àti aago mẹ́rin òru á sì fò. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á wálẹ̀, ara á tutù. Bí ọmọ bá dé tó ń rọ, tó sì lè gbé nǹkan mì, ẹ fún un ní 50 mílílítà omi tí ṣíbí tíì kan ṣúgà wà nínú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí F-75 tẹ̀ lé e. Ẹ fi í sí àyà ìyá rẹ̀, awọ kan awọ, kí ẹ fi aṣọ bo àwọn méjèèjì, orí ọmọ pẹ̀lú. Nínú ìwé àdéhùn, ẹ kọ ọ́ pé ìwádìí yóò san owó nọ́ọ̀sì òru méjì sí i. Ó wúlò ju ẹ̀rọ tí yóò wà nínú páálí lọ.

Ti ìgbẹ́ gbuuru: ẹ má sáré fa dírípù fún ọmọ tí kò dákú. ReSoMal, omi iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ṣe fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ni kí ẹ fún un: 5 mílílítà fún kílò kan lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30 kọ̀ọ̀kan fún wákàtí méjì àkọ́kọ́. Ọmọ 6 kílò, 30 mílílítà lẹ́ẹ̀kan. Iyọ̀ tó wà nínú ORS wa ojoojúmọ́ pọ̀ ju ti ReSoMal lọ.

Láàbù_ÒkèFìà

Wọ́n á ní ẹ gba ìgbẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ ọmọ, kí ẹ fi sí fírísà tó tutù dé -80. Fírísà náà á dé lóòótọ́. Ta ló ń san díísù? Ta ni yóò ra sítábíláísà, ta ni yóò tún kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ṣe lẹ́yìn ọdún kejì? Fírísà irú èyí kì í fara da iná tó ń lọ tó ń bọ̀, yàrá tó gbóná sì ń pa á. Ó gbọ́dọ̀ wà nínú yàrá tí ó ní éásì, kó ní aago ìkìlọ̀ tó ń pe fóònù èèyàn méjì, kí fírísà kejì sì wà nítòsí tí a lè kó nǹkan sí bí ti àkọ́kọ́ bá kọṣẹ́. Tí ohun inú fírísà bá yọ́ lóru ọjọ́ kan, iṣẹ́ ọdún mẹ́ta ló lọ, àwọn ọmọ tí a gún ní abẹ́rẹ́ ló sì jìyà lásán.

Ìgbẹ́ tó bá pẹ́ nílẹ̀ kó tó wọ yìnyín, àwọn kòkòrò inú rẹ̀ á ti yí padà: àwọn kan á ti pọ̀ sí i, àwọn mìíràn á ti kú. Ẹ kọ aago tí ọmọ yàgbẹ́ àti aago tó wọ fírísà. Ẹ pín in sí ike kéékèèké, kí ìdajì dúró sí Òṣogbo.

Ìwé àdéhùn lórí àwọn nǹkan wọ̀nyí gbọ́dọ̀ sọ ní pàtó àyẹ̀wò tí wọ́n fẹ́ ṣe, ọdún tí wọ́n lè fi tọ́jú wọn, pé wọn ò gbọdọ̀ fi wọ́n ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ fi tajà. Gbólóhùn bíi “fún ìwádìí ọjọ́ iwájú”, ẹ má gbà á bẹ́ẹ̀. Ìwádìí tuntun, ìwé àṣẹ tuntun láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ wa tó ń yẹ ìwádìí wò.

Alápòpọ̀_Oúnjẹ

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí oúnjẹ inú ọ̀rá, RUTF, oúnjẹ ìtọ́jú tí ọmọ ń jẹ láìsè é. André Briend àti Michel Lescanne ló ṣe é ní 1996 ní Faransé. Sáṣẹ́ẹ̀tì kan jẹ́ 92 gíráàmù, kálórì 500. Ohun tó jẹ́ kó ṣeé mú lọ sílé ni pé kò sí omi nínú rẹ̀, kòkòrò kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ibi pọ̀ sí. Ní 2007 ni WHO, UNICEF àti àjọ oúnjẹ àgbáyé jọ fọwọ́ sí i pé ọmọ tí kò ní àìsàn mìíràn lè gba ìtọ́jú láti ilé.

Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé fún bíi kílò kan: mílíìkì olọ́ràá oníyẹ̀fun 300 gíráàmù, ṣúgà 280, ẹ̀pà lílọ̀ 250, òróró 150, fítámì àti míníráàlì 16. Ó dà bí nǹkan tí èèyàn lè pò ní Ìgbọ̀nà, àbí? Ẹ má dán an wò ní ilé ìdáná o. Tí a kò bá lọ ṣúgà àti mílíìkì kúnná pátápátá, wọ́n á rì sísàlẹ̀, òróró á léfòó, ọmọ tó jẹ òkè rẹ̀ kò ní rí fítámì jẹ. Bí ẹ̀kán omi bá ṣèèṣì kán sí i, kòkòrò ti rí ilé.

Ìṣòro tó tóbi jù ni ẹ̀pà. Ẹ̀pà tó bá bu lè ní aflatoxin nínú, oró tí olú kan ń mú jáde, yíyan kì í sì í pa oró náà tán. Ìlànà 2007 yẹn ní kó má kọjá 5 máíkírógíráàmù nínú kílò kan. Oró yìí kì í tàn ká àpò dọ́gba. Ẹ̀pà díẹ̀ lè gbé èyí tó pọ̀ jù. Ẹni tó bá bu ẹ̀kúnwọ́ kan láti orí àpò, tó yẹ̀ ẹ́ wò, tó ní ó mọ́, kò tíì mọ nǹkan kan. Ẹ bù láti òkè, àárín, ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ ọ̀pọ̀ àpò, ẹ lọ gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ẹ tó mú èyí tí ẹ ó yẹ̀ wò.

Àjọṣe òkè òkun tó kan wa gbọ̀ngbọ̀n wà níbí. IITA, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn, àti ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba Amẹ́ríkà ló jọ ṣe Aflasafe: irú olú kan náà, àmọ́ èyí tí kò ní oró, tí wọ́n fi bo ọkà bàbà. Kílò 10 ni wọ́n ń fọ́n sí hẹ́kítà kan, bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí àgbàdo tó yọ òdòdó. Olú tí kò lóró á gba àyè mọ́ èyí tó lóró lọ́wọ́. 2014 ni NAFDAC fọwọ́ sí i. Bí ìwádìí kan bá fẹ́ ṣe oúnjẹ ìtọ́jú láti inú ẹ̀pà Ọ̀ṣun, oko ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìlera

Ṣé mílíìkì pọn dandan ni? Òun ló wọ́n jù.

Alápòpọ̀_Oúnjẹ

Ìlànà 2007 ní kí ìdajì purotéènì, ó kéré tán, wá láti inú mílíìkì. Wọ́n ti dán èyí tí kò ní mílíìkì wò ní Malawi: sóyà, àgbàdo àti ọkà bàbà, tí wọ́n fi àwọn amino acid (èròjà tó ń para pọ̀ di purotéènì) tó kù díẹ̀ káàtó kún. Èsì tó jáde ní 2017 dára. Àmọ́ amino acid yẹn náà, láti òkè òkun ló ń wá. Ẹ fi iye rẹ̀ wé ti mílíìkì kí ẹ tó yọ̀.

Láàbù_ÒkèFìà

Èyí tí ó wù mí jù ni ti kòkòrò inú ìfun. Ní 2013, àwọn ará Malawi àti Washington University ní St. Louis tọpa ìbejì 317. Níbi tí ọ̀kan nínú ìbejì ti ní kwashiorkor (àìjẹunrekánú tí ara ń wú) tí èkejì kò ní, tí oúnjẹ ilé wọn sì jẹ́ ọ̀kan náà, wọ́n gbé kòkòrò inú ìgbẹ́ wọn sínú eku tí kò ní kòkòrò kankan. Ti ọmọ tó ṣàìsàn mú kí eku rù. Lẹ́yìn èyí, Jeffrey Gordon láti ibẹ̀ àti Tahmeed Ahmed ti icddr,b, ibùdó ìwádìí ìlera kan ní Dhaka, Bangladesh, jọ ṣe oúnjẹ kan tó ń bọ́ kòkòrò tó dára: ẹ̀wà chickpea, sóyà, ẹ̀pà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú. Ní 2021, wọ́n tẹ èsì jáde: ọmọ oṣù 12 sí 18 tó jẹ ẹ́ fún oṣù mẹ́ta sanra yá ju àwọn tó jẹ oúnjẹ àfikún tó ní kálórì jù ú lọ.

OníDátà_Àyètòrò

Ẹ̀gbọ́n, mo gbà pé iṣẹ́ ńlá ni, àmọ́ ọmọ 118 péré ló parí rẹ̀, ní àdúgbò kan ní Dhaka, àìjẹunrekánú wọn sì jẹ́ ti ìwọ̀nba, kì í ṣe èyí tó le. Kò tíì sọ nǹkan kan fún wa nípa ọmọ tí ara rẹ̀ wú ní Òkè-Baálẹ̀.

Láàbù_ÒkèFìà

Òótọ́ lẹ sọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí a ṣe é níbí. Ẹ̀wà wa, sóyà wa, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wa, gbogbo rẹ̀ wà lọ́jà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má kó oúnjẹ Dhaka wá lódidi. Kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ìgbẹ́ àwọn ọmọ Òṣogbo tí ara wọn le wò, kí a lè mọ irú kòkòrò tó yẹ kí a máa bọ́.

Nọ́ọ̀sì_Ìsàlẹ̀Ọ̀ṣun

Kí ẹ máa rántí pé ògì ni ọmọ máa ń bá nílé. Láti 1933 ni dókítà Cecily Williams ti kọ ọ́ láti Gold Coast pé oúnjẹ àgbàdo nìkan ló wà nídìí ara wíwú yìí. Bí a ṣe ń sẹ́ ògì, eèrí tí a ń sẹ́ kúrò àti omi tí a ń dà nù ń gbé purotéènì lọ. Ìmọ̀ràn tí ìyá lè tẹ̀ lé lọ́jọ́ kejì ni kó fi sóyà tàbí ẹ̀pà lílọ̀ sí i, kó ró o kó ki, kí òróró díẹ̀ sì wọ inú rẹ̀.

Àdùkẹ́_Òṣogbo

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ọ̀rọ̀ gbígba àṣẹ lọ́wọ́ òbí ńkọ́? Ìwé tí wọ́n ń kó wá, dókítà gan-an kì í kà á tán.

Oníṣègùn_Ọmọdé

Ẹnì kan á tú u sí Yorùbá. Ẹlòmíràn tí kò rí ti Gẹ̀ẹ́sì á tú ti Yorùbá padà. A ó wá fi méjèèjì wéra. Ibi tó máa ń fọ́ ni bí wọ́n ṣe ń pín ọmọ sí ẹgbẹ́. Ìyá máa ń rò pé dókítà ló yan èyí tó dára jù fún ọmọ òun. Ẹ sọ ọ́ gbangba: “Èmi kọ́ ni mo yàn án, kọ̀ǹpútà ló yàn án, a ò sì tíì mọ èyí tó dára jù, ìdí tí a fi ń ṣe ìwádìí nìyẹn.” Lẹ́yìn náà, ẹ ní kó sọ ọ́ padà fún yín lẹ́nu ara rẹ̀. Tó bá ní oògùn tuntun ni ẹ fẹ́ fún ọmọ òun, kò tíì yé e, ẹ má gba àtàǹpàkò rẹ̀.

Iye ẹ̀jẹ̀, ẹ fi ṣíbí tíì ṣàlàyé rẹ̀: 3 mílílítà lé díẹ̀ ní ìdajì ṣíbí. Ẹni tí kò lè kàwé gbọ́dọ̀ ní ẹlẹ́rìí tí kò sí lára òṣìṣẹ́ ìwádìí. Ẹ fún wọn láyè láti pe bàbá ọmọ tàbí ìyá ọkọ lórí fóònù. Ẹ má sì gba àṣẹ ní wákàtí tí ọmọ ń jà sí ikú. Ẹ gba ọmọ là ná.

OníDátà_Àyètòrò

Mo fẹ́ kí a gbé èyí síwájú gbogbo ohun tí a ti sọ. Àjọṣe kan tó ń jẹ́ CHAIN kó ilé ìwòsàn mẹ́sàn-án pọ̀ ní Kenya, Uganda, Malawi, Burkina Faso, Bangladesh àti Pakistan. Wọ́n tọpa ọmọ 3,101 láti ìgbà tí wọ́n gbà wọ́n sílé ìwòsàn títí di ọjọ́ 180 lẹ́yìn tí wọ́n kúrò níbẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì àwọn tó kú ló kú lẹ́yìn tí wọ́n ti dá wọn sílẹ̀ pé kí wọ́n máa lọ sílé. Ẹ rò ó wò: rẹ́jísítà wọ́ọ̀dù á kọ “ó ti gbádùn”, ọmọ náà á sì wà nínú ilẹ̀.

Oògùn nìkan kò sì tíì yanjú rẹ̀. Ní Kenya, wọ́n fún àwọn ọmọ ní cotrimoxazole, oògùn apakòkòrò, lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ìtọ́jú. Èsì tó jáde ní 2016 lórí ọmọ 1,778 fi hàn pé kò dín ikú kù.

Nítorí náà, ìwádìí yòówù tó bá fẹ́ parí ní ọjọ́ tí ọmọ kúrò ní wọ́ọ̀dù, ẹ má fọwọ́ sí i. Ọjọ́ 180 ni ó kéré jù, kí wọ́n rí ọmọ fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ 45, 90 àti 180. Owó ọkọ̀ ìyá, owó òṣìṣẹ́ tí yóò wá a lọ sílé, kí gbogbo rẹ̀ wà nínú ìṣirò. Kí oúnjẹ gbogbo ọmọ tí wọ́n fẹ́ gbà wọlé sì ti wà nínú yàrá ìkẹ́rù kí àkọ́kọ́ tó wọlé. A rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025 nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà dá owó USAID dúró lójijì: àwọn iṣẹ́ ìtọ́jú dúró lágbede méjì káàkiri ayé.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìlera

Ọ̀pọ̀ ìyá kì í padà wá, nọ́ńbà fóònù wọn á sì ti kú. Báwo la ṣe ń rí wọn?

Nọ́ọ̀sì_Ìsàlẹ̀Ọ̀ṣun

Ọjọ́ tí wọ́n bá wọlé la ti ń múra rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n ń lọ. Nọ́ńbà ilé lásán kò ṣiṣẹ́ ní Òṣogbo. Ẹ kọ mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tó súnmọ́ ilé, orúkọ tí wọ́n ń pe agbolé, orúkọ tí àdúgbò ń pe ìyá náà, torí “Ìyá Sùlìyá” ni wọ́n mọ̀, wọn ò mọ orúkọ inú káàdì. Ẹ gba nọ́ńbà mẹ́ta: ti ìyá, ti ẹni tó ń gbé nílé kan náà, ti ìyá àgbà. Ẹ pè wọ́n lójú rẹ̀ kó tó dìde, kí ẹ mọ̀ pé wọ́n ń lọ. Ẹ béèrè ibi tí ó ń lọ nígbà iṣẹ́ oko àti ọjọ́ ọjà rẹ̀. Ìyá tó ń tajà kì í wá sí kíníìkì lọ́jọ́ ọjà.

Ẹ fún un ní téèpù, ẹ kọ́ ọ kó lè wọn apá ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Tó bá bọ́ sí pupa, tàbí tí ẹsẹ̀ bá wú, kó má dúró de ọjọ́ tí a dá fún un.

OníDátà_Àyètòrò

Ẹ fi èyí kún un ma: ọmọ tí a kò bá rí ní ọjọ́ 180, a ò gbọdọ̀ kà á mọ́ àwọn tó wà láàyè. Àwọn tí a kò rí ló ṣeé ṣe jù kí ó ti kú. Ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ lọ sílé wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta ó kéré tán, ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kan nínú rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí ará ilé ti dé, kí ó kọ ohun tí wọ́n sọ fún un sílẹ̀ àti orúkọ ẹni tó sọ ọ́.